Lẹ́tà Ìparí Sáà Kejì sí Ẹ̀yin Òbí àti Alágbàtọ́

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ní orúkọ gbogbo olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ wa, mo kí yín kú ìparí sáà kejì. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé gbogbo ọmọ tí a kó wọlé ní oṣù kìíní la ń dá padà fún yín ní àlàáfíà.

Mo mọ ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ yín ń dúró láti gbọ́ lẹ́nu mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jíṣẹ́ àwọn nǹkan kéékèèké.

Káàdì èsì ìdánwò wà lọ́wọ́ olùkọ́ kíláàsì. Ẹ wá gbà á fúnra yín. A kò ní fi rán ọmọ. Àwọn SS3 ti parí ìdánwò àṣewò wọn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti bàọ́lọ́jì dára, ìṣirò àti kẹ́mísírì kò dùn mọ́ wa nínú. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́ nínú ìsinmi yìí, kíláàsì ni SS3 yóò wà láti aago 8 àárọ̀ sí aago 1 ọ̀sán, láìsan kọ́bọ̀. WAEC kò jìnnà mọ́. Kí àwọn JSS3 mú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù 2 wá bí wọ́n bá ń wọlé. Òrùlé yàrá sáyẹ́ǹsì tí ìjì ká ti padà bọ̀ sípò, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá tó fún wa ní páànù. Àwọn ọmọbìnrin wa tó ń gbá bọ́ọ̀lù ṣe dáadáa, ipò kejì ni wọ́n mú bọ̀. Owó ilé-ẹ̀kọ́ sáà kẹta kò lé, kò dín.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ orúkọ ilé mẹ́rin.

Ní ọjọ́ ìdíje eré ìdárayá wa ní oṣù kejì, àwọn ọmọ yan wọ pápá lábẹ́ orúkọ tuntun: Ilé Crowther, Ilé Fúnmiláyọ̀, Ilé Ṣólàrìn àti Ilé Bethune. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá wa bọ̀ tipẹ́ mọ̀ pé Lugard, Clifford, Bourdillon àti Macpherson, orúkọ àwọn gómìnà òyìnbó tó ṣàkóso Nàìjíríà, ni a ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni lẹ́tà ti ń wọlé. Ẹ̀yin kan pè mí lórí fóònù ní òru. Ẹnìkan gba ohùn sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí JSS2 lórí WhatsApp, pé a ti ń kọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n má gbàdúrà mọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a bá àwòrán Táí Ṣólàrìn tí àwọn SS1 fi ọ̀sẹ̀ 3 yà nílẹ̀ lẹ́bàá géètì, ó ti fàya sí méjì. Ọmọ tó yà á jókòó ti ògiri, ó ń sunkún. Mo mọ ẹni tó fà á ya. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ti ń yà á lákọ̀tun, tuntun náà yóò sì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Àwọn àgbà wa sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé tiwa la wò. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ọdún 5 ni mo fi wọ jẹ́sì Ilé Lugard. Mo sáré fún un, mo gba ife fún un, kò sì sí olùkọ́ kan tó sọ ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́ fún mi. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó kà á pé lábẹ́ ìjọba rẹ̀ ni òmìnira Ẹ̀gbá dópin ní 1914, àti pé nígbà tí àwọn ènìyàn wa kọ owó orí ní 1918, ìbọn ni ìjọba náà fi dá wọn lóhùn. Ogun Àdùbí tí àwọn bàbá àgbà wa máa ń dárúkọ nìyẹn. Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, ọmọ ìlú tí wọ́n yìnbọn sí, mo sì ń fi gbogbo ọ̀fun kígbe orúkọ ẹni tó rán sójà náà. N kò fẹ́ kí ọmọ yín ṣe irú rẹ̀ ní Abẹ́òkúta yìí, nínú ọgbà tí èmi ń ṣọ́.

A kò kàn fi orúkọ ọmọ ilẹ̀ wa rọ́pò orúkọ òyìnbó lásán. Ohun tí a ń wá ni aláwọ̀ dúdú tó kọ́ni, tí ẹ̀kọ́ náà sì yí ayé àwọn ẹlòmíràn padà. Ìdí nìyẹn tí a kò fi mú olóṣèlú kankan, bó ti wù kó lókìkí tó.

Lórí Crowther, ìjà kò pọ̀. Ọmọ Òṣogùn ni. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, Freetown ló sì ti kàwé. Nígbà tó dé Abẹ́òkúta ní 1846, níhìn-ín ló ti fojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25. Ìwé tó kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ sí jáde ní 1843. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí ní Yorùbá, ọwọ́ bàbá yẹn wà nínú lẹ́tà tí ẹ ń kà.

Bethune ló yà mí lẹ́nu. Òbí kan kọ̀wé pé kí ni ti ọmọ ẹrú Amẹ́ríkà ti jẹ́ nínú ilé-ẹ̀kọ́ wa. Mo ka gbólóhùn yẹn ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹrú ni Àjàyí Crowther náà. Ọkọ̀ tó gbé e ni wọ́n rí dá dúró lójú òkun; ọkọ̀ tó gbé àwọn baba ńlá Mary McLeod Bethune kò rí ẹni dá a dúró. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin àwọn méjèèjì kò ju ìyẹn lọ. Ìpínlẹ̀ South Carolina ni wọ́n bí Bethune sí ní 1875, inú oko ẹrú ni àwọn òbí rẹ̀ ti dàgbà. Ní 1904, dọ́là kan àtààbọ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ní Daytona, ní Florida, fún ọmọbìnrin 5 àti ọmọkùnrin tirẹ̀ kan. Àpótí ọjà ni wọ́n fi ṣe tábìlì, omi èso ni wọ́n fi ṣe tádà, ó sì ń ta oúnjẹ tí wọ́n fi kúkúǹdùnkún ṣe kí ilé-ẹ̀kọ́ náà má bàa tì. Ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ti di yunifásítì lónìí. Ní 2022, ère rẹ̀ wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ìpínlẹ̀ kan yàn láti fi ère rẹ̀ ṣojú òun níbẹ̀. Mo ti rí òbí nínú yín tó ń ta ẹ̀kọ kí ọmọ rẹ̀ lè san owó ìdánwò. Tí ẹ bá ní Bethune kò kàn yín, ẹ jẹ́ kí n bi ìyá ẹlẹ́kọ yẹn léèrè.

Ọ̀rọ̀ Ṣólàrìn ló le jù, n kò sì ní sá fún un. Òótọ́ ni pé kò gba Ọlọ́run gbọ́, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ló ṣe fi Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó sílẹ̀, tó sì dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní oṣù kìíní 1956 pẹ̀lú Sheila ìyàwó rẹ̀. Níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ń roko, ó ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà, ó ń bá wọn mọ ilé tí òun fúnra rẹ̀ yóò sùn sí. Ṣòkòtò kúkúrú kákí àti fìlà ni ẹni tó dá a sílẹ̀ ń wọ̀ kiri. Nígbà tó ń sọ pé kí ológun gbé ìjọba padà fún alágbádá, wọ́n gbé e ní 1984, ó sì lò ju ọdún kan lọ ní àtìmọ́lé. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni a fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé náà, a kò fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ sọ ọ́. Àdúrà òwúrọ̀ wa wà bó ṣe wà. Ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Kírísítì àti ti Ìsìláàmù ṣì wà lórí tábìlì àkókò, ẹ wò ó lára pátákó. Ẹni tó sọ pé a ti fòfin de àdúrà kò sọ òótọ́, mo sì fẹ́ kó lo WhatsApp kan náà láti tún un sọ.

Ibì kan wà tí ẹ jàre wa. Àwọn òbí Mùsùlùmí mẹ́rin wá bá mi ní ọ́fíìsì, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n ní nínú gbogbo orúkọ tí a yàn, kò sí Mùsùlùmí kan ṣoṣo. Wọ́n tọ̀nà. Èmi ni mo kó orúkọ náà jọ, kò sì wá sí mi lọ́kàn. Mo tọrọ àforíjì. Ilé ìkàwé wa tí a ń parí lọ́wọ́ yóò máa jẹ́ orúkọ Alhaja Humuani Alága, ìyá oníṣòwò aṣọ ní Ìbàdàn tó kó àwọn obìnrin Mùsùlùmí ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ní 1958, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Isabatudeen sílẹ̀, tí wọ́n sì ti inú ẹgbẹ́ náà kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama fún àwọn ọmọbìnrin. Ọ̀kan nínú àwọn òbí mẹ́rin yẹn ti fún wa ní àpò símẹ́ńtì 10.

Nípa owó jẹ́sì: mo gbà pé ₦5,500 kì í ṣe owó kékeré lákòókò yìí. Ọmọ tó ti ra jẹ́sì àtijọ́ ní oṣù kẹsàn-án kò ní ra òmíràn; kíláàsì ìránṣọ wa yóò lẹ báàjì tuntun mọ́ ọn lára lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó bá ń wọlé tuntun nìkan ni yóò ra jẹ́sì tuntun, wọ́n sì lè san án ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹnìkan kọ̀wé pé mo ń gba nǹkan lọ́wọ́ aránṣọ. Ọdún 11 ni mo ti wà lórí àga yìí. Ìwé ìnáwó wà ní ọ́fíìsì, ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́ Òbí àti Olùkọ́ ti wò ó, kí ẹni tó bá fẹ́ náà wá wò ó.

Mo fi Ilé Fúnmiláyọ̀ sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn nítorí òun ló mú ayọ̀ tó pọ̀ jù wá fún wa ní sáà yìí. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta Grammar School. Ó lọ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ó kàwé, ó padà wálé, ó di olùkọ́. Ní àwọn ọdún 1940, ó ń kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní ìwé kíkà, ibi tí wọ́n ti ń kàwé yẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ń dùn wọ́n, títí kan owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin. Ní 1946, wọ́n di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta. Ìró àti bùbá ló ń wọ̀, Yorùbá ló sì ń sọ nígbà tí àwọn aláṣẹ òyìnbó bá wà níbẹ̀, kí wọ́n wá ògbufọ̀. A mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Aké ní 1949, nígbà tí Aláké fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ nítorí ìjà àwọn obìnrin náà. A kò fi kọ́ àwọn ọmọ láti tàbùkù Aké. Ọmọ Aké ni púpọ̀ nínú wa. Ohun tí a fi ń kọ́ wọn ni pé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà ni a ṣe dá kíláàsì ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, aago 5 sí aago 6:30, àwọn SS2 ń kọ́ àwọn ìyá ọjà ní ABD àti ìṣirò owó nínú kíláàsì JSS1. Ìyá mẹ́jọ ló kọ́kọ́ wá, 23 ni wọ́n báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá alátà kan fi ìwé àjọ rẹ̀ hàn mí. Tẹ́lẹ̀, ìka ló ń tẹ̀ sí i; ní ojú ewé tuntun, orúkọ ara rẹ̀ ló fi bírò kọ, lẹ́tà rẹ̀ gùn, ó wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó pé. Ọmọdébìnrin tó kọ́ ọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò lè pa ẹ̀rín rẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, n kò tíì rí ohun tó wú mi lórí tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin kan ní a ń fi àwọn ọmọ yín ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ọmọ tó bá lè ṣàlàyé ìṣirò fún ìyá alátà yóò ṣàlàyé rẹ̀ fún WAEC. Àwọn ọmọ 14 tó ń kọ́ni yìí, kò sí ọ̀kan tí èsì rẹ̀ lọ sílẹ̀ ní sáà yìí. Ẹ bi àwọn olùkọ́ wọn. Kò sí ẹni tí a fi agbára mú. Kíláàsì náà yóò máa lọ.

Orúkọ ilé mẹ́rin kò ní yí padà mọ́. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn, ẹ wá sí ìpàdé Ẹgbẹ́ Òbí àti Olùkọ́ ní Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìwọlé, aago 10 àárọ̀, ní gbọ̀ngàn. Ẹ dìde, ẹ sọ ọ́ lójú mi, n ó dáhùn. N kò ní dáhùn ohùn WhatsApp mọ́. Òbí tó bá tún fa iṣẹ́ ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ya nínú ọgbà yìí, èmi àti rẹ̀ yóò jókòó níwájú ìgbìmọ̀.

Sáà kẹta yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 27 oṣù kẹrin. Kí àwọn tó ń gbé inú ọgbà dé kí aago 5 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó lù. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ọkọ́ kan àti àdá kan wá fún oko ilé-ẹ̀kọ́. Àgbàdo la ó gbìn. Bí ẹ bá ní ìwé ABD àtijọ́ nílé tí ọmọ kò lò mọ́, ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́.

Ẹ kí ilé. Ìsinmi ayọ̀ fún gbogbo yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Àgbà Ilé-ẹ̀kọ́