Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ọkọ̀ oníná àti ọkọ̀ elépo, èwo ló ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ jù?

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ sábà máa ń bi wá pé, ṣé lóòótọ́ ni ọkọ̀ oníná kì í ba afẹ́fẹ́ jẹ́? Kò ní sálẹ́ńsà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí iná tí ẹ fi ń ṣáàjì rẹ̀ ti wá ni kí ẹ wò.

Lítà bẹntiróòlù kan tó bá jó a máa tú nǹkan bíi kílò 2.3 kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì, gáàsì tó ń mú kí ayé máa gbóná sí i, sáfẹ́fẹ́. Ọkọ̀ tó ń jẹ lítà 8 ní kìlómítà 100 á tú kílò 18. Ọkọ̀ oníná tó tó o á jẹ nǹkan bíi yúníìtì 20 lórí mítà yín fún ìrìn kan náà. Gáàsì ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú iná NEPA, omi irú ti Kainji àti Shiroro sì ń kún un. Yúníìtì 20 yẹn á tú bíi kílò 8.

Jẹnẹrétọ̀ ló ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Èyí tó kéré a máa jó ìdajì lítà, ó kéré tán, kó tó mú yúníìtì kan wá. Yúníìtì 20 á jẹ lítà 10, ìyẹn kílò 23! Ó ti ju ti ọkọ̀ elépo lọ, èéfín rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi jẹnẹrétọ̀ ṣáàjì ọkọ̀. Ẹ ní kí ẹni tó ń ṣe wáyà ilé yín fa ti ṣájà lọ́tọ̀ láti ìdí mítà, kó má gba inú changeover kọjá: wáyà 6mm àti bréékà 32 amp fún ṣájà kílówáàtì 7. Bí NEPA bá mú iná, ṣájà á dúró fúnra rẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì sólà 10, wáàtì 400 ọ̀kọ̀ọ̀kan, lè mú yúníìtì 14 wá lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú dáadáa. Ìyẹn tó ìrìn kìlómítà 70.

Bátìrì náà ní gbèsè tirẹ̀. Kí bátìrì yúníìtì 60 tó kúrò nílé iṣẹ́, ṣíṣe rẹ̀ ti tú nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 4 kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì, nígbà míì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Pẹ̀lú iná NEPA, ó di bíi 40,000 kìlómítà kí ẹ tó san gbèsè yẹn tán. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ràn tọ́kunbọ̀ oníná tí bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára: wọ́n ti san púpọ̀ nínú gbèsè náà lókè òkun. Ẹ jẹ́ ká yẹ bátìrì náà wò kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń lo elépo, èéfín dúdú túmọ̀ sí pé epo ń wọlé jù: ẹ jẹ́ ká wo fíítà afẹ́fẹ́ àti injector tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnì. Bó bá jẹ́ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé catalyst, ohun tó ń dín oró èéfín kù, kúrò lára sálẹ́ńsà yín. Ọ́ìlì tí ẹ bá sì tú, ẹ má dà á sí gọ́tà. Ẹ fi kẹ́ẹ̀gì gbé e wá fún wa.