Ta ló tọwọ́ bọ ìwé náà?

Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde, inú ń bí mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ẹrù lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ kan nílùú London níbí, bàtà ọmọ àti bìlẹ́ńdà kan tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi n'Íbàdàn. Wọ́n ní kí ló wà nínú ẹ̀, èló ni, ta ló fẹ́ gbà á, kí n sì tọwọ́ bọ̀wé. Ó dáa, mo tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo délé, mo tan rédíò, ni mo bá gbọ́ tí ọ̀gá ìjọba kan ń sọ pé àwọn ò lè máa ṣàlàyé gbogbo ohun ìjà tí wọ́n ń tà sókè òkun, pé ọ̀rọ̀ ààbò ìlú ni, ká ṣáà fọkàn tán àwọn.

Ká fọkàn tán ta ni? Ọkọ̀ ogun Hércules tí Ajẹntínà ní lọ́dún 1982, nígbà tó bá Gẹ̀ẹ́sì jagun lórí erékùṣù Falkland, ní Barrow nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ni wọ́n ti kàn án. Irú kan náà ni òun àti Sheffield, ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn, tí mísáìlì tí Faransé tà fún Ajẹntínà bà lóṣù Karùn-ún ọdún náà. Èèyàn 20 ló bá a lọ.

Ti Ìráàkì ló wá burú jù. Oṣù Kẹta 1988 ni Saddam Hussein, olórí Ìráàkì, fi gáàsì olóró pa àwọn Kurd, ẹ̀yà kan lórílẹ̀-èdè ẹ̀, nílùú Halabja. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejìlá, àwọn mínísítà Gẹ̀ẹ́sì kan ti rọra dẹ okùn ìlànà tó de ọjà tí wọ́n lè tà fún un, wọn ò sì sọ fún ilé aṣòfin. Ilé iṣẹ́ Matrix Churchill ní Coventry ń kó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe ọta ránṣẹ́ sí Ìráàkì. Oṣù Kẹjọ 1990, Saddam ya wọ Kuwait, oníbàárà di ọ̀tá, wọ́n kó ọmọ ọlọ́mọ lọ síwájú ogun. Ta ni wọ́n wá gbé lọ sílé ẹjọ́? Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́! Àwọn mínísítà tún tọwọ́ bọ̀wé pé kí wọ́n má fi ìwé ìjọba han àwọn olùjẹ́jọ́, ìwé tó fi hàn pé ìjọba mọ̀ sí i. Afi ìgbà tí Alan Clark, tó ti ṣe mínísítà rí, la ẹnu ní kóòtù lóṣù Kọkànlá 1992 ni ẹjọ́ náà tó fọ́.

Ìwádìí tí Adájọ́ Scott ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde lọ́dún 1996, ó lé ní ojú ìwé 1,800. Wákàtí méjì péré ni wọ́n fún Robin Cook tó ń sọ̀rọ̀ fún ẹgbẹ́ alátakò láti fi kà á. Wọ́n dìbò lé e lórí nílé aṣòfin, ìjọba fi 320 sí 319 borí. Ìbò kan! Mínísítà kan ò fipò sílẹ̀. Èmi tí mo fi bàtà ọmọ ránṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ̀wé.

Ohun tí mo ń fẹ́ ò ju èyí lọ: kí wọ́n lẹ ìwé kan síta nílé aṣòfin kí ẹrù ohun ìjà tó kúrò ní èbúté, kí orúkọ mínísítà tó fàṣẹ sí i wà lórí ẹ̀ gàdàgbà, pẹ̀lú ọjọ́, iye owó àti ìlú tó ń lọ. Lóòótọ́, òfin 2002 lórí irú ọjà báyìí ti sọ ọ́ di dandan kí wọ́n máa gbé ìṣirò jáde lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí ẹṣin ti lọ tán ni. Kí orúkọ náà máa tẹ̀ lé ìbọn náà. Bó di ọdún mẹ́wàá tí ìbọn yẹn bá yíjú padà sí wa, kí wọ́n pe onítọ̀hún jókòó, ì báà ti fẹ̀yìn tì, ì báà ti joyè, kó wá ṣàlàyé, kí owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀ sì dúró títí yóò fi ṣàlàyé tán. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà nínú iṣẹ́ ológun níbí, ẹ jẹ́ kí n mọ ẹni tí màá bi.

Kí àwọn ọ̀gá ìjọba tó ń fipò sílẹ̀ lọ gbowó oṣù lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun ìjà náà kọ́kọ́ sinmi díẹ̀ ná.

Lẹ́tà méjì ni mo ti kọ sí aṣòfin àdúgbò mi. Wọ́n fèsì pé àwọn ti rí i gbà.

Bàbá Ìbejì,
London.