Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ wo òkun

Hull, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ Àìkú, oṣù Kẹsàn-án

Màámi mi àtàtà,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ìbejì. Ṣé orúnkún ti ń fúyẹ́ díẹ̀? Ara tèmi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú ni, mo ti fa ẹ̀wù onírun yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo mọ̀ pé Délé ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Délé, má fo ìkankan o, pàápàá ibi tí mo bá ti bú ẹ.

Ìdí tí mo fi jókòó kọ̀wé dípò kí n pè ni pé lórí fóònù, ẹ kì í jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, mi ò tíì pe Àgbádárìgì tán tí ẹ fi ní, "Kí ni mo fẹ́ lọ wò níbi tí wọ́n ti ń ta èèyàn?" Nẹ́tíwọọ̀kì sì gbè sẹ́yìn yín, ó já. Ìwé kì í já ní tiẹ̀.

Ẹ rántí ìrìnàjò ilé ìwé wa nígbà tí mo wà ní JSS 2? Àgbádárìgì náà ni wọ́n ní àwọn ń kó wa lọ. Ẹ ta ìró òfì kan tí ẹ ti yà sọ́tọ̀ fún ara yín kí ẹ tó rí owó rẹ̀ san. Ẹ jí ní aago mẹ́ta òru, ẹ se jọ̀lọ́ọ̀fù, ẹ dín dòdò, ẹ kó o sínú kúlà búlúù yẹn tí ìdérí rẹ̀ ti sán, ẹ fi rọ́bà dè é lẹ́ẹ̀mejì. Ṣágámù ni táyà ẹ̀yìn ti bẹ́. Sípíà tí wọ́n gbé jáde, òun náà ti jo. Inú koríko ẹ̀bá títì la jókòó sí títí di aago méjì ọ̀sán, ibẹ̀ la ti jẹ ìrẹsì náà tán, olùkọ́ wa sì ní kí a kọ ohun tí a rí sílẹ̀. Mo kọ ọ́ pé mo rí tírélà mọ́kàndínlógójì. Wọ́n dá wa padà sí Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó dá owó padà fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo wọlé, ẹ bi mí pé ṣé mo rí òkun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ní báwo ló ṣe rí, mo ní ó gbòòrò ju Ọjà'ba lọ. Irọ́ ni, Màámi. Mi ò rí òkun kankan. Ojú yín ló ń dán nígbà tí ẹ ń bèèrè, ni ẹnu mi ò fi gbà á. Bóyá ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn, ẹ kàn dákẹ́ ni.

Ohun tó tún gbé ọ̀rọ̀ yìí dìde nìyí. Nílùú tí mo wà yìí ni wọ́n bí William Wilberforce sí lọ́dún 1759, ọmọ ilé aṣòfin tó jà títí wọ́n fi fi òfin de òwò ẹrú lọ́dún 1807. Wọ́n ti sọ ilé tí wọ́n bí i sí di mùsíọ́mù, wọn kì í sì í gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ ìsinmi mi kan, òjò ń rọ̀, mo yà síbẹ̀. Mo dúró níwájú àwọn ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n tò sínú gíláàsì, ni bàbá òyìnbó arúgbó kan bá bi mí níbi tí mo ti wá. Mo ní Nàìjíríà. Ó ní ṣé mo mọ Badagry, pé òun ti ṣiṣẹ́ ní Èkó rí nígbà èwe òun, òun sì lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó tiẹ̀ rántí gúrúdì! Ojú tì mí débi pé mo ṣe bí ẹni tí fóònù rẹ̀ ń dún.

Nítorí náà, tí mo bá wálé ní December, tí mo bá ti sùn dáadáa tán, ẹ jẹ́ ká lọ. Àlọ àtàbọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, a ò ní sùn síbẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́bọ̀ ni mo fẹ́, kó má bọ́ sí ọjọ́ Àìkú ṣọ́ọ̀ṣì, kó má sì bọ́ sí ọjà òfì Ọ̀jẹ́. Mo mọ̀ pé bí ìtàdógún bá pé, Olúbàdàn gan-an ò lè pè yín kúrò nídìí àtẹ.

Délé ní ká gba Abẹ́òkúta, ká já sí Sàngó àti Àtàn, ká yọ sí Àgbárá láìfojú kan Èkó. Délé, ìwọ lo mú mi gba ọ̀nà ẹ̀bùrú lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde tí a fi dé nígbà tí wọ́n ti ń palẹ̀ àga mọ́. Mi ò gbọ́. Ọkọ̀ ojúurin tó ń ti Mọ́níyà lọ sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta wù mí púpọ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lọ́dún 2021, ṣùgbọ́n kí a tó sọ̀ kalẹ̀, kí a tó tún wá ọkọ̀ Mile 2, oòrùn á ti kan àtàrí. Ìyẹn á di ọjọ́ mìíràn. Ọkọ̀ àyáàlò ló dáa. Kó gbéra ní Kúdẹtì ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, ká gba Challenge bọ́ sí Toll Gate, ká kọjá Mile 2 kí àwọn ará Èkó tó jí. (Bí ẹni pé wọ́n máa ń sùn.) Láti Mile 2, ó ṣì ju 40 kìlómítà lọ. Ọ̀nà ẹnubodè Sẹmẹ̀ náà ni, torí náà láti Àgbárá lọ, ọlọ́pàá, kọ́sítọ́ọ̀mù àti ìmígíréṣọ̀n ló ń dá ọkọ̀ dúró. Kí kálukú mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ dání. Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ má ní ká ra àpò ìrẹsì òkèèrè nígbà tí a bá ń bọ̀, torí pé ó wọ́n ní Bódìjà. Kọ́sítọ́ọ̀mù ò mọ ìyá àgbà lórí ọ̀rọ̀ ìrẹsì.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo fẹ́ ká kọ́kọ́ lọ, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn ajíhìnrere kọ́. 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, 1845 ni wọ́n parí rẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ní Kúdẹtì, ẹ ní nǹkan í wò níbẹ̀. Kí Hinderer, òyìnbó ajíhìnrere, àti Anna ìyàwó rẹ̀ tó wá tẹ̀dó sí Kúdẹtì lọ́dún 1853, Àgbádárìgì ni ìhìn rere ti gúnlẹ̀. Abẹ́ igi àgíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù rẹ̀ lọ́dún 1842. Igi náà ti wó láti 1959, òkúta ìrántí ló kù níbẹ̀.

Ìtàn Àjàyí Crowther ni kò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ àná. January 1845 ni òun àti Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, dé Àgbádárìgì, Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Sódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, tó ń retí wọn kú, ogun dí ọ̀nà, ni wọ́n bá há síbẹ̀ fún bí oṣù méjìdínlógún. Nígbà tó wá dé Abẹ́òkúta lọ́dún 1846, ó rí ìyá rẹ̀. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn, ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí ìyá ò ti fojú kan ọmọ. Tiwa ṣì jẹ́ ọdún méje péré, mo sì mọ bó ṣe ń ṣe mí.

Ibi tí ẹ ò fẹ́ dé gan-an, a óò dé ibẹ̀. Ilé Sérìkí Abass tí wọ́n ń ti ẹrú mọ́ ni: ogójì yàrá kéékèèké, ogójì èèyàn nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ní agboòrùn kan lásán ni wọ́n ń fi ogójì èèyàn pààrọ̀. Ọmọ Ìjọga ni Sérìkí fúnra rẹ̀, lápá Ìlaròó. Ní kékeré ni wọ́n ta á, ó dé Brazil, ó sì padà wá di olówó ẹrú. Mo mọ̀ pé ẹ óò ní, "Ẹni tí wọ́n tà, tó tún ń ta èèyàn?" Màámi, ẹ má jẹ́ ká dá àwọn Ègùn ará Àgbádárìgì lẹ́jọ́ jù. Kí a tó jáde nílùú láàárọ̀ ọjọ́ náà, a óò ti kọjá lára ère Ẹ̀fúnṣetán ní Challenge. Ẹrú mélòó ló wà lóko rẹ̀? Àwọn ológun Ìbàdàn wa, ṣé àgbàdo ni wọ́n ń kó bọ̀ láti ojú ogun?

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹrú ló ń dẹ́rù bà yín. Omi ni. Láti August 1980 tí Ògùnpa ti ya wọ ìgboro, tó gbé ilé, gbé èèyàn, tó sì gbé àpótí aṣọ yín lọ, ẹ kì í dúró létí odò. Bí òjò bá ṣú báyìí, ẹ óò ti máa ka àwọn ọmọ. Mi ò ní fipá mú yín. Ọ̀sà ni a óò fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kọjá sí erékùṣù Gberefu, kì í ṣe òkun. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, a ò sì ní wọ ọkọ̀ náà láìwọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ṣe ni kí Délé dúnàádúrà owó ọkọ̀ tán kí a tó gbé ẹsẹ̀ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìrìn inú yanrìn lábẹ́ igi àgbọn. Kò kéré fún orúnkún yín, a óò máa sinmi. Lójú ọ̀nà yẹn ni kànga ìgbàgbé wà. Wọ́n ní wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Mo máa ń bi ara mi léèrè pé ta ló padà wá sọ pé ó ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn kànga náà, ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ ariwo òkun kí ẹ tó rí i. Àwọn ìbejì ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ kọjá kókósẹ̀ o, omi ibẹ̀ máa ń fa èèyàn. Ẹ̀yin, ẹ kàn dúró lórí yanrìn gbígbẹ, kí n di ọwọ́ yín mú. Tí ẹ bá wò ó tán, kí ẹ sọ fún mi bóyá ó gbòòrò ju Ọjà'ba lọ lóòótọ́.

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni ká ti kúrò níbẹ̀. Ẹ má jí lóru se ìrẹsì o, a óò ra oúnjẹ. Bí ẹ bá sì ṣe é ní dandan, ẹ má dín ata rẹ̀ kù.

Délé, sọ fún awakọ̀ náà pé mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi tẹ sípíà rẹ̀ wò kí a tó kúrò ní Kúdẹtì.

Èmi ni ọmọ yín,
Àṣàkẹ́