Ọkọ ọmọbìnrin wa tó jẹ́ àjèjì: ẹ mọ ọ̀nà ìwé rẹ̀ kí ẹ tó mú ọjọ́ ìyàwó

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Àwa tí a kọ lẹ́tà yìí máa ń bá àwọn ìdílé to ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìgbélùú jọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. A fẹ́ kí ẹ bá wa gbé ọ̀rọ̀ kan síwájú àwọn òbí tí ọmọ wọn fẹ́ fẹ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun nílùú wa. Ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá wa ló ṣòwò ní Gánà, tí wọ́n kọ́lé síbẹ̀, tí wọ́n bímọ síbẹ̀, títí ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, fi pàṣẹ ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwé ni wọ́n béèrè. Wọn ò béèrè iye ọdún téèyàn ti lò tàbí iye ọmọ tó ti bí. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba tiwa náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará Gánà tó wà lọ́dọ̀ wa. Títí dòní, ọmọ wa ṣì ń fẹ́ ará Gánà, ará Gánà ṣì ń fẹ́ ọmọ wa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń rántí ìwé àfìgbà tí ọ̀rọ̀ bá bẹ́yìn yọ.

Ohun tó ń ṣi àwọn òbí lọ́nà ni pé wọ́n gbà pé bí àáfà bá ti so yìgì, tàbí tí pásítọ̀ bá ti súre, àna wọn ti di ọmọ Nàìjíríà nìyẹn. Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀. Ìgbéyàwó kàn ń ṣílẹ̀kùn fún un láti kọ̀wé béèrè ni, ilẹ̀kùn ọ̀hún kò sì rí bákan náà fún ọkùnrin àti obìnrin.

Bí ọmọkùnrin wa bá fẹ́ obìnrin àjèjì, abala 26 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé obìnrin náà lè kọ̀wé kí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ Nàìjíríà. Òfin kò dá iye ọdún kankan lé e lórí. Kó jẹ́ ẹni tó níwà, kó hàn pé Nàìjíríà ló fẹ́ fi ṣe ibùgbé, kó sì búra ìdúróṣinṣin. Iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé ní Àbújá ni ìwé rẹ̀ ń lọ, Ààrẹ ló sì ní àṣẹ láti gbà á wọlé. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ tí òfin lò: obìnrin tó jẹ́ ìyàwó ọmọ Nàìjíríà, tàbí tó ti jẹ́ ẹ rí. Opó tí ọkọ rẹ̀ kú kó tó kọ̀wé ṣì lè kọ ọ́. Kí ẹbí ọkọ má ṣe sọ fún un pé ọ̀nà ti dí.

Kó tó kan ìyẹn, ìyàwó gbọ́dọ̀ ní ìwé ìgbélùú. Bó bá jẹ́ pé ibi tó jìnnà sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ti ń bọ̀, físà STR, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó fẹ́ wá gba ìwé ìgbélùú níbí, ni kó gbà ní iléeṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà lọ́hùn-ún, kó má gba ti àlejò. Ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó, fọ́tòkópì ìwé ìrìnnà ọkọ, àti lẹ́tà tí ọkọ fi sọ pé òun gba ẹrù rẹ̀ rù, ni wọn yóò béèrè. Bó bá ti wọlé, ó ní 90 ọjọ́ láti lọ bá àwọn Ìmígíréṣọ̀n kí wọ́n sọ ọ́ di káàdì ìgbélùú tí wọ́n ń pè ní CERPAC. Èyí tó bá fi físà àlejò wọlé, tó ní òun yóò tún un ṣe tóun bá dé, lè rí i pé àfi kóun tún padà sílé lọ gba STR. Ará Gánà tàbí ará Tógò kò nílò físà, àdéhùn ECOWAS fún un ní 90 ọjọ́. Bí 90 ọjọ́ bá pé, òun náà gbọ́dọ̀ gba ìwé ìgbélùú.

Bó bá wá jẹ́ ọmọbìnrin wa ló fẹ́ ọkùnrin àjèjì ńkọ́? Abala 26 kò dárúkọ ọkọ rẹ̀ rárá. Abala 27 ni wọ́n ń darí ọkùnrin náà sí, níbi tí àjèjì tó wá ṣòwò lásán, tí kò fẹ́ ẹnikẹ́ni, náà wà. Kó ti gbé Nàìjíríà fún ọdún 15 láìjáwọ́. Tàbí kó gbé ibí fún oṣù 12 gbáko kó tó kọ̀wé, kí àpapọ̀ ìgbà tó ti lò láàárín ọdún 20 tó ṣáájú oṣù 12 náà má dín sí ọdún 15. Gómìnà ìpínlẹ̀ tó fẹ́ máa gbé gbọ́dọ̀ gbà pé àwọn ará àdúgbò tẹ́wọ́ gbà á, àti pé ó ti mọ àṣà wọn wọ̀. Kó sì jẹ́ ẹni tó lè ṣe ìlú láǹfààní. Àna yín ni, ọmọ-ọmọ yín ló ń gbé pọ̀n, òfin ṣì ń bi í bóyá àdúgbò tẹ́wọ́ gbà á. Èyí dùn wá gan-an.

Ibi tí ọdún 15 yìí ti ń bàjẹ́ kò ju ẹnubodè lọ. Ẹ ṣí ìwé ìrìnnà ọkọ ọmọ yín, kí ẹ wo ojú ewé tí wọ́n ń lu òǹtẹ̀ sí. Láti Gánà dé ibí, ó yẹ kí òǹtẹ̀ àbájáde Gánà wà ní ẹnubodè Aflao, kí ti Tógò àti ti Bẹ̀nẹ̀ wà láàárín, kí òǹtẹ̀ àbáwọlé Nàìjíríà sì wà ní Sèmè, pẹ̀lú ọjọ́ tó hàn ketekete. Ọ̀pọ̀ ìwé ló jẹ́ pé òfìfo ni ojú ewé yẹn, nítorí awakọ̀ ní kí èrò má sọ̀ kalẹ̀, tàbí ọlọ́kadà gbé wọn gba ọ̀nà inú igbó kọjá. Ọkùnrin náà lè ti gbé Sábó fún ọdún 18, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó fi hàn pé ó wọlé rí. Kó sọ̀ kalẹ̀, kó gba òǹtẹ̀, kó wo ọjọ́ rẹ̀ kó tó kúrò níwájú òṣìṣẹ́. Kó máa tọ́jú ìwé ìrìnnà tó ti tán lọ́jọ́, nítorí inú wọn ni ọdún rẹ̀ wà. Kó tún máa kó rìsíìtì owó orí, ìwé àdéhùn ilé tó háyà àti lẹ́tà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí sínú fáìlì kan láti ọdún àkọ́kọ́.

Ní ti ìgbéyàwó fúnra rẹ̀, ìdána àti yìgì dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ti kọ́ọ̀tù mọ́ ọn, torí ìwé rẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ìlú òkèèrè ń tètè gbà. Wọn yóò kọ́kọ́ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù ìkéde. Akọ̀wé yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilẹ̀kùn ọ́fíìsì fún ọjọ́ 21, kí ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ lè sọ ọ́. Láti ọjọ́ ìkéde, oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n ní láti so wọ́n pọ̀, bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ìkéde mìíràn ni. Ẹlẹ́rìí méjì kò gbọdọ̀ wọ́n. Àjèjì tó bá ti ní ìyàwó mìíràn nílé, ì báà jẹ́ ti ìbílẹ̀, kò lè ṣe ti kọ́ọ̀tù pẹ̀lú ọmọ yín. Asán ni irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ lójú òfin. Ẹ béèrè ìwé pé kò ní ìyàwó, tàbí ìwé ìkọ̀sílẹ̀. Kí wọ́n tó fi ọ́fíìsì sílẹ̀, kí wọ́n ka orúkọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí ìwé ìbí bá ní Folashade, tí ìwé ìgbéyàwó ní Sade, ẹlòmíràn ni lójú òṣìṣẹ́. Kò gbọdọ̀ sí ibi tí wọ́n fi bírò tún kọ. Bí ìwé bá ń lọ sí ìlú òkèèrè, iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Àbújá ni yóò kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i.

Àwọn ọmọ tí wọ́n bá bí kò ní ìṣòro, ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n nípasẹ̀ ìyá wọn. Ọkọ tó jẹ́ ọmọ bíbí Gánà kò sì ní láti kọ Gánà sílẹ̀ lábẹ́ òfin wa. Ẹni tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ kejì kì í ṣe ti ìbí ló gbọdọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ láàárín oṣù márùn-ún.

Ẹ wo Gánà fúnra rẹ̀. Abala 7 ìwé òfin wọn ti ọdún 1992 gbà fún ọkọ àti ìyàwó láti forúkọ sílẹ̀. Wọ́n ní kí ọkùnrin máa gbé Gánà ní tòótọ́, wọ́n sì lè ní kó fi hàn pé kì í ṣe tìtorí ìwé ló ṣe fẹ́ obìnrin náà. Ìbéèrè tó tọ́ nìyẹn, àwa náà lè bi í láìní kẹ́nikẹ́ni dúró ọdún 15.

Ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹta, ọdún 2022, àbá láti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọkọ ọmọbìnrin wa kò rí ìbò tó pọ̀ tó ní Àbújá. Àwọn obìnrin wọ́de lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé aṣòfin. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ilé aṣojúṣòfin ní àwọn yóò tún un gbé yẹ̀wò. Abala 26 ṣì wà bó ṣe wà. Láti yí i padà, sẹ́nétọ̀ 73 nínú 109, aṣojúṣòfin 240 nínú 360, àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 ló gbọdọ̀ gbà. Ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lè wà lára 24 náà. Àwọn tó ń bọ̀ wá béèrè ìbò wa ní 2027, a ń fẹ́ kí wọ́n dá wa lóhùn nínú ìwé ìròyìn yín yìí: ṣé wọn yóò dìbò kí ọkọ ọmọbìnrin wa ní ẹ̀tọ́ tí ìyàwó ọmọkùnrin wa ní, bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Àwa òǹkàwé yín,
Ògbómọ̀ṣọ́, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.