Rẹsítọ̀ àtijọ́ kọ́ ló ń mú pẹ́dàlì dùn o

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì l'Adó-Èkìtì níbí ló sún mi kọ lẹ́tà yìí. Wọ́n ní téèyàn bá fẹ́ fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe pẹ́dàlì, àpótí kékeré tí onígìtá ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà, àfi kó lọ wá rẹsítọ̀ (ẹ̀yà kékeré tó ń dín iná tó ń kọjá kù) kábọ́ọ̀nù ayé àtijọ́, àwọn búráùn tó rí gìdìgbà yẹn, pé òun ló ń jẹ́ kí fọ́ọ̀sì, ìyẹn ohùn gìtá tó ń há, dùn bíi pẹ́dàlì Fuzz Face tó jáde ní 1966. Èmi náà gbà á gbọ́, mo fowó gidi ra mẹ́jọ lọ́wọ́ ẹnì kan tí mi ò ní dárúkọ.

Rẹsítọ̀ mẹ́rin péré ló wà nínú Fuzz Face yẹn, tẹ́ ẹ bá yọ bọ́tìnnì yíyí ti fọ́lúùmù àti ti fọ́ọ̀sì kúrò. Mo wá ṣe méjì, mo fi búráùn sí ọ̀kan, mo fi mẹ́tàlì fíìmù, àwọn búlúù kéékèèké olówó pọ́ọ́kú, sí èkejì, tiránsítọ̀ (ẹ̀yà tó ń mú ohùn lágbára) kan náà ni mo sì ń yọ láti inú ọ̀kan sí èkejì. Lóòótọ́, ohùn wọn yàtọ̀! Inú mi dùn, mo ti fẹ́ máa ṣe fọ́ńté kiri, kó tó di pé mo gbé mítà tí wọ́n fi ń wọn rẹsítọ̀.

Búráùn tó ní ìlà eérú kan àti pupa méjì, tó yẹ kó jẹ́ 8.2k (ìyẹn óòmù 8,200, òṣùwọ̀n rẹsítọ̀), mítà ní 9.4k. Kábọ́ọ̀nù àtijọ́ máa ń fa ọ̀rinrin, ẹ sì mọ bí òjò Èkìtì ṣe rí. Mo bá so 1.2k mọ́ 8.2k nínú ti búlúù, mo mú àwọn tó kù dọ́gba bẹ́ẹ̀, mo ní kí ọmọ tó ń lu dúrọ́ọ̀mù kọ̀yìn sí mi, kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ mọ́. Ìgbà tí mo dáwọ́ gìtá dúró nìkan ló ní "ẹ̀gbọ́n, eléyìí ń ṣe ṣìì bí epo gbígbóná", búráùn olówó ńlá ni o.

Nínú ampilifáyà onígílóòbù, àwọn àtijọ́ tó ń lo túùbù onígíláàsì, tí fóòtì ẹ̀ lé ní igba, kábọ́ọ̀nù lè yí ohùn padà díẹ̀, àmọ́ bátìrì fóòtì 9 tí pẹ́dàlì yìí ń lò, kí ló fẹ́ yí níbẹ̀?

Mẹ́rin tó kù ṣì wà nílé, ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó wá gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kó ṣáà mú mítà dání.

Onígìtá kan, Adó-Èkìtì