Ẹ̀yin ọdẹ wa, ẹ jẹ́ ká máa wọn ẹ̀tù ìbọn

Sí Olóòtú,

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kan àwọn ọdẹ tó ń lo ṣakabùlà káàkiri ìpínlẹ̀ Oǹdó, bẹ́ẹ̀ inú igbó kọ́ ni mo ti kọ́ ọgbọ́n rẹ̀, orí tábìlì kan ní Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni, níbi tí mo gbé fún ọdún 17 kí n tó padà sí Àkúrẹ́.

Níbẹ̀, òfin gbà mí láyè láti ní ìbọn ìléwọ́ kékeré kan, irú èyí tí ilé ọta rẹ̀ ń yí bí a ti ń yìn ín, mo sì máa ń gbé e lọ sí pápá ìyìnbọn ní ọjọ́ Sátidé láti fi dárayá. Ọta kan tí wọ́n ń pè ní .32 S&W Long, tó ti wà láti ọdún 1896, ló ń jẹ. Nítorí pé ọta náà wọ́n, àwa tí a jọ ń yìnbọn máa ń ṣa èèpo rẹ̀ tó ti ṣófo, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì tún un kì fúnra wa. Gíréènì ni a fi ń wọn ẹ̀tù rẹ̀, 7,000 gíréènì ló sì wà nínú pọ́n-ùn kan. Ìwọ̀nba tí ọta kan ń jẹ kéré débi pé èèyàn lè bu ẹ̀tù sí èèpo kan lẹ́ẹ̀méjì láìfura.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń to èèpo 50 sínú igi oníhò, tí màá tan tọ́ọ̀ṣì, tí màá sì yọjú wo inú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n tó fi òjé, ìyẹn orí ọta, dé e. Lọ́jọ́ kan, àlejò bá mi nídìí iṣẹ́, n kò yẹ̀ wọ́n wò mọ́. Nígbà tí mo dé pápá, ìbọn dún "pọ́" lásán. Mo dáwọ́ dúró, mo tú u, mo bá òjé tó há sínú ọ̀pá ìbọn: n kò bu ẹ̀tù sí ọta náà rárá. Ká ní mo yin òmíràn lé e ni, ìbọn ì bá fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọjọ́ yẹn ni mo rántí àbúrò bàbá mi ní Ìdànrè. Ó kì ìbọn rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, òjò dé, ó gbé e kọ́ ògiri. Ní òru ọjọ́ kejì, ó gbàgbé, ó tún kì í lé tàná. Ìbọn bẹ́, ìka rẹ̀ méjì sì lọ. Àwọn ará ilé ní ayé ló ṣe é. Èmi gbà pé ẹ̀tù ìlọ́po méjì ni.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ èyí tí ó jẹ́ èèwọ̀, àyàfi fún ẹni tí Ààrẹ bá fún ní ìwé àṣẹ, mo sì ti ta tèmi kí n tó wálé. Ṣakabùlà ló wà lọ́wọ́ àwọn ọdẹ wa, òun náà sì ní ìwé àṣẹ tirẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ọdẹ yé fi àtẹ́lẹwọ́ díwọ̀n ẹ̀tù. Kí ó wá ìwo kékeré tàbí ìdérí kan tí kò ní pààrọ̀, kí ó máa fi wọ̀n ọ́n nígbà gbogbo. Kí ó fi ọ̀bẹ fá àmì sára ọ̀pá tó fi ń kì ìbọn, ibi tí ọ̀pá náà ń dé nígbà tí ìbọn ṣófo. Bí ó bá ti ki ọ̀pá bọ̀ ọ́, tí àmì náà yọ síta, á mọ̀ pé nǹkan wà nínú rẹ̀. Èyí tó burú jù ni kí èèyàn tú kàtíríìjì òyìnbó, kí ó da ẹ̀tù rẹ̀ sínú ṣakabùlà. Ẹ̀tù tí kì í rú èéfín yẹn lágbára ju dúdú tiwa lọ fíìfíì, irin ṣakabùlà kò lè gbà á.

Mo bẹ àwọn olórí ọdẹ pé kí wọ́n yẹ ọ̀pá àti òṣùwọ̀n oníkálukú wò kí wọ́n tó yìnbọn níbi ọdún Ògún tó ń bọ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọmọ Ìdànrè kan,
Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́.