Lórí Bí Àwa Òbí Ṣe Ń Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Olùkọ́ Ọmọ Wa

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí síwájú àwọn òbí ẹlẹgbẹ́ mi ní Ìbàdàn kí oṣù kẹwàá tó wọlé. Ọjọ́ karùn-ún oṣù náà ni àyájọ́ ọjọ́ àwọn olùkọ́ lágbàáyé, èyí tí àjọ UNESCO dá sílẹ̀ lọ́dún 1994 láti máa fi rántí ìwé àbá lórí ipò àti ẹ̀tọ́ olùkọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹwàá, ọdún 1966. Bí ọjọ́ náà bá ti ń sún mọ́lé ni àwọn òbí yóò ti máa kọ ọ́ sójú WhatsApp pé kí oníkálukú dá iye báyìí, kí a lè ra kéèkì àti aṣọ Áńkárá fún tíṣà.

N kò bẹnu àtẹ́ lu ẹ̀bùn. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé owó tí à ń dá yìí ti ń di túláàsì. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní ọjà Bódìjà kò lè dá iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó ní ilé epo, síbẹ̀ a máa ń to orúkọ àwọn tí kò tíì san sójú gbogbo ayé, títí ojú yóò fi ti wọn láti wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Nígbà tí ẹ̀bùn náà bá sì dé ọwọ́ olùkọ́ tán, kò ní mọ ohun tí ó ṣe gan-an tí a fi ń dúpẹ́.

Ìwé ni mo rò pé ó yẹ kí a kọ́kọ́ máa fún olùkọ́, ìwé ọpẹ́ tó dárúkọ ohun tí ó ṣe. Ọmọ mi obìnrin wà ní kíláàsì kẹta lọ́dún tó kọjá, ẹ̀rù ìwé kíkà sì ń bà á débi pé ẹkún ló máa ń sun bí wọ́n bá ní kó dìde kàwé. Olùkọ́ rẹ̀ kó ọ̀rá bisikíìtì àti páálí mílíìkì jọ sínú àpò kan, ó sì ń pè é nígbà ìsinmi ráńpẹ́ pé kó wá ka ohun tí wọ́n kọ sí ara wọn, nítorí ọmọ náà ń sá fún ìwé, ṣùgbọ́n kò sá fún páálí mílíìkì. Kí sáà kejì tó parí, ó ti ń ka ìwé fún àbúrò rẹ̀ nílé. Mo kọ gbogbo èyí sínú ìwé ojú ewé kan, mo fún ọ̀gá ilé ìwé ní ọ̀kan, mo sì fún olùkọ́ náà ní ẹ̀dà rẹ̀. Ìdúró ló ti kà á lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó ká a sínú rẹ́jísítà, ó wá sọ fún mi pé ẹ̀sùn nìkan ni àwọn òbí ti máa ń kọ nípa òun rí.

Ó yẹ kí a ro ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Bí ìgbéga bá dé, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ mọ irú ẹni tí olùkọ́ kan jẹ́, fáìlì ni wọn yóò yẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ pé inú bíbí nìkan ló ń mú wa gbé kálàmù, kí ni fáìlì náà yóò sọ nípa rẹ̀? Ìwé ọpẹ́ kò níláti gùn, kò sì pọn dandan kó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Òbí tí kò mọ̀wé kọ lè máa sọ ọ́ kí ọmọ rẹ̀ máa kọ ọ́, olùkọ́ yóò sì tún rí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ nínú bí ọmọ náà ṣe kọ ọ́.

Ohun kejì lè korò létí. Nílé ẹ̀kọ́ aládàáni, inú owó ilé ìwé tí à ń san ni owó oṣù olùkọ́ ti ń jáde. Òbí tó jẹ gbèsè sáà méjì, tó wá gbé kéèkì wá, ẹ̀tọ́ olùkọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ san gbèsè náà. Bákan náà ni kí a máa tètè wá mú ọmọ wa nígbà tí ilé ìwé bá jáde, nítorí olùkọ́ tó ń dúró ti ọmọ wa lẹ́nu géètì di ìrọ̀lẹ́ ní ọmọ tirẹ̀ nílé.

Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ lè ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Bàbá kan tó jẹ́ káfíńtà nílé ìwé àwọn ọmọ mi kò rí owó dá. Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ló gbé òòlù àti ìṣó wá, ó kan gbogbo bẹ́ǹṣì tó ti ń mì ní kíláàsì ọmọ rẹ̀, ó sì ṣe kọ́bọ́ọ̀dù kékeré kan tó ní àgádágodo fún olùkọ́ tó ti ń to ìwé àwọn ọmọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo gbà pé ẹ̀bùn yẹn ju kéèkì lọ, nítorí ó wo ohun tí olùkọ́ ṣe aláìní kó tó ṣe é.

Ní ti àkókò, ìparí sáà kẹta ní oṣù keje bá ọpẹ́ mu ju oṣù kẹwàá lọ, nígbà tí olùkọ́ tuntun kò tíì mọ ọmọ wa dáadáa. Ọ̀sẹ̀ ìdánwò ni kí a yẹra fún pátápátá. Ojú mìíràn ni àwọn èèyàn fi ń wo ẹ̀bùn ńlá tó bá dé nígbà náà, ó sì ń ba orúkọ olùkọ́ tó ń ṣòdodo jẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí a gbàgbé àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, ọmọ tó lé ní 800,000 ló wà nílé ìwé lọ́dún náà, àwọn olùkọ́ tí ọjọ́ orí wọn kò tíì tó nǹkan ló sì kọ́ púpọ̀ nínú wọn. Àwọn tí wọ́n kọ́ nígbà náà ni òbí wa, àwọn mìíràn nínú wọn sì di olùkọ́ tó kọ́ àwa náà. Bí tíṣà yín àtijọ́ bá ṣì wà láàyè ní Ìbàdàn, ẹ mú ọmọ yín dání lọ kí i, kí ọmọ náà rí yín níbi tí ẹ ti ń kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin olóòtú ni pé kí ẹ ya igun kékeré kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ìròyìn yín ní gbogbo ọ̀sẹ̀ oṣù kẹwàá, kí òbí tó bá fẹ́ lè fi ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún sọ ohun tí olùkọ́ kan ṣe fún ọmọ rẹ̀. Bí ẹ bá gbà, èmi yóò kọ tèmi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òbí kan láti Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.